Níbo Ni Ọkọ̀ Yín Ń Sùn? Ìfiwéra Àwọn Crossover Ìdílé fún Ìgbà Ọ̀gìnnìtìn

Bí ẹ bá bi ẹni tó ń ta ọkọ̀ pé crossover wo ló dára jù fún ìdílé nígbà òtútù, AWD ló máa kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀, ìyẹn ọkọ̀ tí agbára ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń dé ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kò purọ́. Àmọ́ ilé là á ti í kó ẹ̀ṣọ́ ròde, ìbéèrè tèmi sì ṣáájú tirẹ̀: níbo ni ọkọ̀ yín ń sùn? Ṣé inú gáréèjì ni, àbí ẹ̀gbẹ́ ilé níbi tí wáyà iná ti lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, àbí etí títì gbangba, níbi tí òjò dídì yóò ti bò ó kí ilẹ̀ tó mọ́? Ìbéèrè kejì ni bí ìrìn yín ṣe gùn tó. Ọkọ̀ tó ń gbé ọmọ lọ sí ilé ìwé ní kìlómítà mẹ́ta, tó padà, tí wọ́n sì tún pa á, ń jìyà nígbà ọ̀gìnnìtìn ju èyí tó ń rin ọgọ́ta kìlómítà láìdúró lọ. Ìdáhùn ìbéèrè méjèèjì yìí ni mo fi ń wọn gbogbo ohun tí mo fẹ́ fi wéra níbí.

Ká tó lọ jìnnà, crossover kì í ṣe jíìpù. Ìpìlẹ̀ ọkọ̀ kékeré ni wọ́n kọ́ ọ lé, wọ́n gbé e sókè díẹ̀, wọ́n sì fún un ní búùtù tó láàyè. Toyota RAV4 tó jáde ní 1994 àti Honda CR-V tó tẹ̀ lé e ní 1995 wà lára àwọn tó sọ ọ́ di ọkọ̀ tí ìdílé ń rà káàkiri ayé. Subaru Forester dé ní 1997. Gíga yẹn wúlò ní àárọ̀ tí òjò dídì ti ga lójú títì, tí katakata kò sì tíì wá kó o. Abẹ́ Forester òde òní fi nǹkan bíi 220 mm ga sókè ilẹ̀, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré kò sì kọjá 150 mm. Ṣùgbọ́n lórí yìnyín tó ń dán bíi gíláàsì, gíga kò ṣe àǹfààní kankan. Ọkọ̀ gíga tiẹ̀ máa ń fì ju èyí tó lọ sílẹ̀ lọ bí ẹ bá yí ọwọ́ lójijì.

Táyà òtútù tàbí AWD?

Ẹni tó san owó AWD, tó wá fi táyà ẹ̀ẹ̀rùn wọ ìgbà òtútù, ti fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá.

Ẹ jẹ́ ká gbé ọkọ̀ méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ẹsẹ̀ iwájú nìkan ló ń fa èkíní, ṣùgbọ́n táyà òtútù ló wà ní ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Èkejì ní AWD, àmọ́ táyà tó bá a wá nígbà tí wọ́n rà á ló ṣì wọ̀. Tó bá di ká ṣí kúrò lójú kan, pàápàá lórí òkè, èkejì lè ṣáájú. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá já lu títì, tí ẹ tẹ bíréèkì, iṣẹ́ AWD ti parí nìyẹn. Kò sí ọkọ̀ tí kì í fi ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dúró. Rọ́bà tó kan ilẹ̀ ló ń dá a dúró, òun náà ló sì ń dì í mú ní kọ́nà. Ibi tí ewu AWD wà gan-an nìyí: ọkọ̀ á gbéra wẹ́rẹ́, awakọ̀ á rò pé ọ̀nà kò yọ̀, ìgbà tó bá fẹ́ dúró ló máa tó mọ̀.

Rọ́bà táyà ẹ̀ẹ̀rùn máa ń le bí ojú ọjọ́ bá ti lọ sísàlẹ̀ 7°C. Ti òtútù ní èròjà tó ń jẹ́ kó máa rọ̀, ojú rẹ̀ sì kún fún ìlà wẹ́wẹ́ tó ń di òjò dídì mú. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ táyà kí ẹ tó sanwó. Lẹ́tà M+S (ẹrẹ̀ àti òjò dídì) nìkan kò tó, torí ilé iṣẹ́ tó ṣe táyà lè kọ ọ́ síbẹ̀ láìdán an wò lórí òjò dídì rárá. Àmì òkè olórí mẹ́ta tí ẹyọ òjò dídì wà nínú rẹ̀ ni kí ẹ wá. Táyà tó ní i ti yege ìdánwò. Láti oṣù Kẹwàá 2024, Jámánì kò ka M+S lásán sí táyà òtútù mọ́. Ní Quebec, ní Kánádà, dandan ni táyà òtútù láti ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá títí di ọjọ́ 15 oṣù Kẹta.

Táyà kan wà láàárín méjèèjì tí wọ́n ń pè ní all-weather. Ó ní àmì òkè náà, kò sì di dandan kí ẹ yọ ọ́ nígbà tí ooru bá dé. Ẹ má ṣì í mú fún all-season, táyà tí wọ́n ń tà pé ó wà fún gbogbo ọdún, ọ̀pọ̀ nínú ìyẹn kò ní àmì náà. Níbi tí òjò dídì ti ń wá tó sì ń yọ́ láàárín ọjọ́ méjì, all-weather ni mo máa rà. Níbi tí ilẹ̀ ti ń dì gbagidi fún oṣù mẹ́rin, mi ò ní rà á.

Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ máa pààrọ̀, kì í ṣe méjì. Bí táyà òtútù bá wà níwájú nìkan, iwájú á di ilẹ̀ mú, ẹ̀yìn á yọ̀, ọkọ̀ á sì yí po ní kọ́nà. Bí bíréèkì ọkọ̀ bá gbà á láàyè, ẹ lo rímù tó kéré sí ti ẹ̀ẹ̀rùn, torí táyà rẹ̀ á nípọn, kòtò tí òjò dídì bò kò sì ní tètè ba rímù jẹ́. Bí ojú táyà bá ti jẹ dé 4 mm, agbára rẹ̀ lórí òjò dídì ti ń tán lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin ibòmíràn ṣì gbà á láyè. Afẹ́fẹ́ inú táyà náà máa ń dín ní nǹkan bíi psi kan (ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn afẹ́fẹ́ táyà) fún gbogbo ìwọ̀n 5 sí 6°C tí ojú ọjọ́ bá fi lọ sílẹ̀. Iná táyà tó ń tàn lórí dáṣíbọọ̀dù ní àárọ̀ àkọ́kọ́ tí òtútù mú dáadáa, kì í sábà ṣe ìṣó ló fà á.

Ìgbà wo ni mo máa wá sanwó AWD? Bí ilé bá wà lórí òkè. Bí ẹ bá ń jáde kí katakata tó dé, tàbí ọ̀nà yín jẹ́ èyí tí katakata kì í rántí. Bí ọkọ̀ bá ń sùn sétí títì, tí òkìtì òjò dídì tí katakata gbá sẹ́gbẹ̀ẹ́ sì ń há a mọ́. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ ń sùn sínú gáréèjì, tó ń rin títì pẹrẹsẹ tí wọ́n ń kó lójoojúmọ́, ẹsẹ̀ iwájú pẹ̀lú táyà òtútù tó o. Kó fi owó tó kù ra rímù kejì, kó má bàa máa yọ táyà kúrò lára rímù lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún.

AWD kì í ṣe ọ̀kan náà. Ti Subaru ń pín agbára sí iwájú àti ẹ̀yìn nígbà gbogbo. Ọ̀pọ̀ crossover mìíràn ń fi iwájú rìn, wọ́n á wá ké sí ẹ̀yìn nígbà tí iwájú bá yọ̀ tàbí tí kọ̀ǹpútà bá rí i pé ó fẹ́ yọ̀. Nínú àwọn hybrid bíi ti RAV4, ìyẹn ọkọ̀ tó ń lo ẹ́ńjìnnì bẹntiróò àti mọ́tò iná pa pọ̀, kò sí irin tó gùn láti iwájú dé ẹ̀yìn rárá, mọ́tò iná kékeré ló ń yí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Fún ọ̀nà ilé ìwé, gbogbo wọn ló ṣe é lò. Fún òkè gígùn tí òjò dídì rẹ̀ jìn, ti àkọ́kọ́ ni mo fọkàn tán jù. Ẹ tún fi sọ́kàn pé ọ̀pọ̀ AWD fẹ́ kí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ dọ́gba. Bí ọ̀kan bá bẹ́ nígbà tí àwọn yòókù ti jẹ dé ìdajì, ó lè di ríra mẹ́rin.

Bẹntiróò, hybrid, dísẹ́lì àbí bátìrì?

Ibí ni ibi tí ọkọ̀ ń sùn ti ń sọ̀rọ̀ jù.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí bẹntiróò. Ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ agbára sọ pé ní −7°C, ìrìn tí ọkọ̀ bẹntiróò ń rí nínú epo rẹ̀ láàárín ìlú máa ń fi nǹkan bí ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti ọjọ́ tó bá jẹ́ 25°C, pé ó sì lè dín tó ìdá 24 bí ìrìn bá kúrú. Ọ́ìlì á ti nípọn, ẹ́ńjìnnì á máa fa epo púpọ̀ títí yóò fi gbóná, bó bá sì ṣe ń gbóná báyìí lẹ ti dé ibi tí ẹ ń lọ. Èyí tó ń dà mí láàmú jù ni ẹ́ńjìnnì kékeré oní-turbo, ìyẹn èyí tí ẹ̀rọ kan ń ti afẹ́fẹ́ púpọ̀ sínú rẹ̀, tí wọ́n ń fi sínú ọ̀pọ̀ crossover báyìí. Nígbà òtútù, epo tí kò jóná máa ń ṣàn gba ẹ̀gbẹ́ pístìnì wọ inú ọ́ìlì. Ìrìn gígùn ló ń gbé e jáde, torí ọ́ìlì gbígbóná ń jẹ́ kí epo náà fẹ́ lọ. Ìrìn kìlómítà mẹ́ta kò lè ṣe é. Ẹ fa ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì jáde: bí ọ́ìlì bá ń pọ̀ sí i dípò kó máa dín, tó sì ń rùn bíi bẹntiróò, ẹ ti rí i nìyẹn. Ìdílé tó jẹ́ ìrìn kúkúrú nìkan ló ní, kó wá ẹ́ńjìnnì tí kò ní turbo, tàbí kó máa pààrọ̀ ọ́ìlì kí ọjọ́ tó pé. Ọ́ìlì tí ìwé ọkọ̀ bá sọ ni kí ẹ lò. Bí wọ́n bá kọ 0W-20 sára ike ọ́ìlì, 0W yẹn ló ń sọ bó ṣe ń ṣàn nínú òtútù, òun ló sì ń tètè dé òkè ẹ́ńjìnnì ní àárọ̀.

Hybrid ló máa ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu. Ilé iṣẹ́ ìjọba kan náà sọ pé ìrìn rẹ̀ nínú epo lè fi ìdá 30 sí 34 nínú ọgọ́rùn-ún dín, ìyẹn ju ti bẹntiróò lásán lọ. Ẹ má bẹ̀rù iye yẹn. Ó ṣì máa ń jẹ epo kéré sí ẹgbẹ́ rẹ̀ tó jẹ́ bẹntiróò nìkan, ibi gíga ló kàn ti ń bọ̀ sílẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé ẹ́ńjìnnì tó yẹ kó máa sinmi nínú sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ ní láti máa ṣiṣẹ́ kí hítà lè rí ooru lò, bátìrì tó tutù kì í sì í gba iná tí bíréèkì ń dá padà tán. Àǹfààní kan wà tí ẹni tó ń ta ọkọ̀ kì í sọ: nínú ọ̀pọ̀ hybrid, bátìrì ńlá ló ń yí ẹ́ńjìnnì ní àárọ̀, bátìrì kékeré kàn ń jí kọ̀ǹpútà ni. Fún ọkọ̀ tó ń sùn níta gbangba, ìyẹn kì í ṣe ohun kékeré. Bó bá jẹ́ hybrid tí wọ́n ń ti sọ́kẹ́ẹ̀tì gba iná lẹ fẹ́ rà, ẹ béèrè bóyá hítà rẹ̀ ń lo iná. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé bí ẹ bá ti tan hítà báyìí ni ẹ́ńjìnnì á ta jí, gbogbo iná tí ẹ fi òru gbà kò sì ní lò bí ẹ ṣe rò.

Dísẹ́lì kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọkọ̀ ọ̀nà jíjìn ni. Òtútù líle ń sọ epo náà di bí ọ̀rá, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ta dísẹ́lì ìgbà òtútù lọ́tọ̀. AdBlue, omi tó ń fọ èéfín rẹ̀, ń dì ní −11°C, hítà ló ń yọ́ ọ nínú táńkì. Fún ìrìn ilé ìwé, asẹ́ èéfín rẹ̀ lè tètè dí. Ẹ fi sílẹ̀.

Ó ku èyí tó ń lo bátìrì nìkan. Ní 2019, AAA, ẹgbẹ́ àwọn awakọ̀ ní Amẹ́ríkà, dán irú ọkọ̀ yìí mélòó kan wò. Ní nǹkan bíi −7°C, ìrìn tí bátìrì kíkún lè gbé wọn fi ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún dín láìtan hítà. Nígbà tí wọ́n tan hítà, ó di ìdá 41. Ẹ wo àlàfo yẹn dáadáa: hítà ló jẹ èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀, òtútù fúnra rẹ̀ kò jẹ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ́ńjìnnì bẹntiróò ń fi ooru ṣòfò lọ́nàkọnà, hítà rẹ̀ kàn ń ṣa èyí tó já bọ́ jẹ ni. Ọkọ̀ oníbátìrì kò ní ooru àjẹkù, gbogbo ooru tó bá fẹ́ ló máa rà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ wá èyí tó ní ẹ̀rọ tó ń fa ooru láti inú afẹ́fẹ́ ìta, nítorí iná tó ń jẹ kéré, bó tilẹ̀ jẹ́ pé agbára ẹ̀rọ náà ń dín kù bí òtútù bá le gan-an. Ìjókòó gbígbóná àti ọwọ́ ìwakọ̀ gbígbóná náà ń jẹ iná kéré ju ká máa yan gbogbo afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ lọ.

Bí ọkọ̀ yín bá ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì, oníbátìrì ló dùn ún lò jù nínú gbogbo wọn nígbà òtútù, mi ò sì tijú láti sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ á fi fóònù pàṣẹ fún un láti orí ibùsùn, iná ilé ni yóò fi gbóná, gíláàsì á ti yọ́ kí ẹ tó wọ bàtà, kò sì sí èéfín tí yóò kún gáréèjì. Bó bá ń sùn sétí títì láìsí sọ́kẹ́ẹ̀tì, òun ló nira jù. Bátìrì tó ti tutù gan-an kì í gba iná kíákíá, torí gbígba iná tipátipá nínú òtútù ń ba bátìrì lithium jẹ́, nítorí náà kọ̀ǹpútà ọkọ̀ á dín in kù fúnra rẹ̀. Ẹ lè kọ́kọ́ mú bátìrì gbóná lójú ọ̀nà kí ẹ tó dé ibi tí wọ́n ti ń gba iná, bí ọkọ̀ bá mọ ìyẹn ṣe. Àmọ́ ta ló fẹ́ fi ọmọ méjì jókòó síbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ Ajé?

Àárọ̀ ọjọ́ tí ó tutù jù

Ọ̀pọ̀ jù lọ ọkọ̀ tí ẹ lè rà ló ní bátìrì 12V nínú. Ní −18°C, agbára tó lè tú jáde lè má tó ìdajì ti ọjọ́ tó móoru, ìgbà yẹn gan-an sì ni ọ́ìlì ti nípọn tí ẹ́ńjìnnì ń béèrè púpọ̀ sí i. Nọ́ńbà CCA tó wà lára rẹ̀ ń sọ iye iná tó lè tú fún ìṣẹ́jú-àáyá 30 ní −18°C. Bí ẹ bá ń fi crossover méjì wéra, èyí tí CCA rẹ̀ pọ̀ jù fún ẹ́ńjìnnì kan náà ni kí ẹ mú fún oorun etí títì. Níbi tí wáyà iná bá ti lè dé, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi hítà ẹ́ńjìnnì sí i. Wákàtí méjì sí mẹ́ta kí ẹ tó jáde ti tó, kò sídìí láti fi sílẹ̀ mọ́jú.

Ṣíṣíná sí ọkọ̀ láti inú ilé dára fún gíláàsì àti fún ọmọ, kò sí ohun púpọ̀ tó ń ṣe fún ẹ́ńjìnnì. Ẹ́ńjìnnì òde òní ń yára gbóná bí ẹ bá rọra ń wà á ju kó dúró máa kùn lójú kan lọ. Bí òjò dídì bá ti bo ẹnu sàláńsà, ẹ kó o kúrò kí ẹ tó ṣíná, torí èéfín olóró tí kò lóòórùn lè gba abẹ́ wọlé bá yín. Inú gáréèjì, ẹ má ṣe é rárá, bí ilẹ̀kùn tilẹ̀ ṣí.

Inú ọkọ̀, níbi tí àwọn ọmọ wà

Kóòtù òtútù nípọn, ìdí nìyẹn tí àlàfo inú ọkọ̀ fi ṣe pàtàkì ju bí ìwé ìpolówó ṣe ń sọ lọ. Ẹ má de ọmọ mọ́ ìjókòó rẹ̀ pẹ̀lú kóòtù òtútù lọ́rùn. Bí ìkọlù bá ṣẹlẹ̀, kóòtù á fún pọ̀, bẹ́líìtì tó dà bíi pé ó le á wá tú dẹngbẹ. Ẹ bọ́ kóòtù, ẹ de ọmọ, kí ẹ wá fi kóòtù bò ó láti òkè. Ọkọ̀ tí kò ní ihò hítà fún ìjókòó ẹ̀yìn, ẹkún ni yóò fi san án fún yín.

Ẹ fi ìbọ̀wọ́ tẹ bọ́tìnnì wò. Crossover tó kó hítà àti ìyọ́-gíláàsì sínú ojú ìfọwọ́tẹ̀ ńlá kan ṣoṣo bíi ti fóònù ń fi ìyà jẹ ẹni tó wọ ìbọ̀wọ́. Èyí tó ní bọ́tìnnì gidi borí rẹ̀ lójú tèmi. Ẹ wo ọwọ́ ilẹ̀kùn pẹ̀lú: èyí tó rì mọ́ ara ọkọ̀ máa ń há sínú yìnyín. Iná iwájú LED kì í gbóná tó láti yọ́ òjò dídì tó lẹ̀ mọ́ ọn, nítorí náà ẹ ní láti máa sọ̀kalẹ̀ nù ún. Ẹ̀yìn crossover ń fa ìdọ̀tí mọ́ra, wáípà ẹ̀yìn kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Bí òjò dídì bá sì bo ojú rádà àti kámẹ́rà, bíréèkì tó ń tẹ ara rẹ̀ lè kú láìjẹ́ pé ó bà jẹ́.

Iyọ̀

Iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì ló ń pa ọkọ̀ ìgbà òtútù, kì í ṣe òtútù. Ibí ni gáréèjì tó móoru ti ń yí padà di ọ̀tá: irin tó dì kì í tètè dípẹtà, ṣùgbọ́n iyọ̀ tó yọ́ sínú omi nínú yàrá tó gbóná ń jẹ irin ní alẹ́ gbogbo. Ẹni tó ní gáréèjì bẹ́ẹ̀ ní láti máa fọ abẹ́ ọkọ̀ ju ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ ń sùn síta lọ. Bí ọkọ̀ àlòkù lẹ fẹ́ rà, ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì gbé e sókè. Kó wo páìpù bíréèkì, ibi tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ti so mọ́ ara ọkọ̀, àti bí ó bá jẹ́ hybrid tó ní AWD, kó wo wáyà ńlá tó lọ sí mọ́tò ẹ̀yìn àti ibi tí wọ́n ti so ó pọ̀. Ọ̀dà dúdú tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn sí abẹ́ ọkọ̀ tó ti pẹ́ máa ń fi nǹkan pamọ́.

Kí ẹ tó lọ wo ọkọ̀, ẹ pè wọ́n lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ ní kí wọ́n má ṣe ṣíná sí i kí ẹ tó dé. Ẹ mú ìjókòó ọmọ àti ìbọ̀wọ́ dání. Bí ẹ bá dé ibẹ̀, kí ẹ tó wo ọ̀dà tàbí rímù, ẹ fi ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bó bá lọ́wọ́ọ́wọ́, wọ́n ti ṣíná sí i, ẹ kò sì ní rí bó ṣe ń jí nínú òtútù: ẹ padà sílé, kí ẹ sì tún wá ní àárọ̀ ọjọ́ mìíràn.